Ìjúbà ni àbí olè? Èsì sí ọmọ Kétu tó ń fi ohùn àwọn àgbà ṣe orin kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni mo ń gbé. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jó sí lóde ìgbéyàwó, èyí tí èèyàn ń jókòó gbọ́ ni. Nínú èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, mo lo ohùn ọ̀kọrin Ẹfẹ̀ kan láti inú àwo àtijọ́ tí òyìnbó kan gbà sílẹ̀ ní Kétu. Mo sì fi ohùn ìyá bàbá mi kún un, èyí tí mo fi fóònù gbà kí màmá tó di olóògbé. Mo fà wọ́n gùn, mo gé wọn wẹ́wẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Berlin ní ìjúbà gidi ni. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní olè ni mo jà, wọ́n dìde kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ mi ní kì í ṣe ìjúbà, kì í ṣe olè, pé ohun tí àwọn òyìnbó ti ṣe tán ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni mo tún ń ṣe. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?”

Àbúrò mi, o kú ìrònú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ orin tí o fi ránṣẹ́ kí n tó mú bírò. Ó dùn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí kò bá dùn ni, kò sí ẹni tí ì bá bá ọ jiyàn lé e lórí.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá rẹ ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kò bá ohun tó ń dùn wọ́n mu. Mo máa padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni Berlin ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiwa ló yá lò, kò sì mọ bó ṣe wúwo tó.

O ti jókòó nídìí Ẹfẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, rí, èmi náà ti jókòó níbẹ̀. Òru ti jìn, àwọn obìnrin ti fi ìró bo èjìká, ọmọdé ti sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá wọn. Tètèdé, ìbòjú tó ń ṣáájú, á jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀rọ̀ Ẹfẹ̀, ọ̀kọrin náà fúnra rẹ̀, á yọ, gbogbo ọjà á sì pa lọ́lọ́. Ohun tí a ń dúró dè ni yẹ̀yẹ́ àti èébú: ta ló kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ọkọ ta ni kò sùn sílé, olóṣèlú wo ló ṣèlérí kànga tí kò gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò ní bú ẹnikẹ́ni kó tó júbà. Ìjúbà yẹn sì máa ń gùn. Ó ń dárúkọ. Àwọn ìyá wa, àwọn òrìṣà, ọba, àwọn ọ̀kọrin tó ti lọ, ẹni tó kọ́ ọ lórin. Àwọn tó ń júbà fún wà níbẹ̀: àwọn kan jókòó sórí àga níwájú, àwọn kan a gbà pé wọ́n wà níbẹ̀ bí a ò tilẹ̀ rí wọn. Gbogbo ọjà ló sì ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bó bá fo ẹnìkan, wọ́n á bi í lójú mọ́mọ́ pé kí ló dé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. A máa ń pa òwe yẹn bí ẹni pé ibi tí ilẹ̀ ti lanu ni ìtàn parí sí, ekòló wọlé, ó sùn. Àmọ́ ẹnu tó bá ti là lè sọ̀rọ̀. Ó lè ní rárá.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá tún sọ pé ìjúbà ni, bi í pé ta lo júbà fún, ṣé ẹni náà gbọ́, ṣé ó sì ní àyè láti sọ pé òun ò fẹ́. Bí kò bá rí èsì kankan fọ̀, a jẹ́ pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé o fẹ́ràn ohùn náà. Ìfẹ́ dára. Èmi náà fẹ́ràn iyán, kò sọ mí di àgbẹ̀.

Ó kan olùkọ́ rẹ. Mo mọ àwo tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gé ohùn olóhùn mọ́ ìlù. Ní 1981, àwọn olórin méjì, Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti David Byrne tó ń gbé ní Amẹ́ríkà gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní My Life in the Bush of Ghosts. Àwọn méjèèjì kò fi ẹnu ara wọn kọrin nínú rẹ̀. Wọ́n mú ohùn oníwàásù láti orí rédíò Amẹ́ríkà, wọ́n mú ti obìnrin akọrin ará Lẹ́bánónì láti inú àwo, wọ́n wá tẹ́ ìlù àti ẹ̀rọ sábẹ́ wọn. Orúkọ àwo náà, ti Amos Tútùọlá ọmọ Abẹ́òkúta ni, orúkọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954. Àwọn tó ṣe àwo náà sọ fúnra wọn pé àwọn ò tíì ka ìwé yẹn nígbà tí àwọn mú orúkọ rẹ̀. Wọ́n mú ilẹ̀kùn láì wọ ilé.

N kò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn àwo yẹn. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí àwọn tó ń yìn ín kì í sábà rántí. Wọ́n fi ohùn àwọn Mùsùlùmí Àlùjéríà tó ń ké Kùránì ṣe ọ̀kan nínú àwọn orin ibẹ̀. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní inú àwọn ò dùn sí i. Wọ́n yọ ọ́ nínú àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi òmíràn sípò rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ìbẹ̀rù. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìtàn àwo yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti lanu tí ẹnìkan sì gbọ́ ohun tó sọ. Wọn ì bá ti béèrè ṣáájú ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́.

Olùkọ́ rẹ ṣì tún ṣìnà níbi kan. Òyìnbó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á sọ fún ọ pé Pierre Schaeffer ló dá a sílẹ̀ ní Paris ní 1948, nígbà tó gé ìró ọkọ̀ ojú irin, tó fi ṣe orin. Ní 1944, ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ọmọ Íjíbítì kan, Halim El-Dabh, yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà ní iléeṣẹ́ rédíò kan ní Káírò. Ó gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zaar, ètò ìwòsàn tí wọ́n fi orin àti ìlù ṣe. Ó gbé ohùn wọn padà dé, ó yọ ìbẹ̀rẹ̀ ìró kúrò, ó jẹ́ kí èyí tó ń dún padà lára ògiri nìkan ṣẹ́kù. Bí o bá gbọ́ díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, wàá rò pé àná ni wọ́n ṣe é.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, inú mi dùn bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù. Ọmọ Áfíríkà ló ṣáájú! Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó wá bi ara mi pé: àwọn obìnrin yẹn ńkọ́? Ọmọ Íjíbítì ni El-Dabh, ọmọ onílé ni. Ṣùgbọ́n zaar, ohun àwọn obìnrin ni. Jíjẹ́ ọmọ onílé kò fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá síni lọ́wọ́.

Ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé “ọmọ Kétu ni mí” ni o fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi káàdì han ọlọ́pàá. Bí òyìnbó bá mú ohùn Ẹfẹ̀, a ó pariwo pé ó sọ ohun olóhun di tirẹ̀. Bí ìwọ bá mú un, a ó ní ogún bàbá rẹ ni. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní Kétu níbẹ̀, ṣé gbogbo ọmọ Kétu ló lè dìde kó kọ orin Ẹfẹ̀ ìdílé mìíràn láì gba àṣẹ? Ṣé èèyàn lè gba ìró Orò sí fóònù kó fi ṣe orin, kó ní torí pé wọ́n bí òun sí àdúgbò náà? O mọ èsì rẹ̀. Ohun kan wà tó jẹ́ ti ojú pópó: ìlù tí gbogbo ọmọdé ń fi agolo lù, orin tí wọ́n ń kọ nídìí odó. Mú un, lò ó, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́. Ohun kan wà tó jẹ́ ti awo, kí o jìnnà sí i, ọ̀rọ̀ yẹn kò gba àlàyé. Àárín méjèèjì ni ìjàngbọ̀n wà: ohùn ènìyàn kan ṣoṣo, tó ní ọ̀fun, tó ní ọmọ, tó ní orúkọ.

Orúkọ náà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ní 1992, àwọn ará Faransé méjì tí wọ́n ń pe ara wọn ní Deep Forest fi ohùn obìnrin kan ṣe orin tí wọ́n pè ní Sweet Lullaby. Ó gba ayé kan, àwo wọn sì tà ní mílíọ̀nù. Igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà àti àwọn Pígímì tó ń gbé inú rẹ̀ ni gbogbo ìpolówó àwo náà dá lé. Obìnrin náà kì í ṣe ará Áfíríkà rárá. Afunakwa ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yà Baegu ló ti wá, ní erékùṣù Malaita lára àwọn erékùṣù Solomon, ní òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún. Hugo Zemp, onímọ̀ orin, ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1970, ó sì jáde nínú àwo tí UNESCO ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 1996, Jan Garbarek, afọnfèrè ọmọ Nọ́wè, gbọ́ orin Deep Forest, ó tún un ṣe, ó sì pè é ní orin ìtùnú ọmọ àwọn Pígímì. Kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó gbọ́ ló gbà gbọ́.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Afunakwa ń kọ? Ẹ̀gbọ́n kan ló ń rẹ àbúrò rẹ̀ lẹ́kún, àwọn òbí wọn ti kú, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé e pọ̀n. Orin ọmọ òrukàn ni wọ́n ń fi tù wá lára káàkiri ayé.

Wá wo bí àṣìṣe yẹn ṣe rìn. Zemp ní tirẹ̀ kọ orúkọ obìnrin náà sílẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ lónìí. Ìgbà tí ohùn kúrò nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ni orúkọ jábọ́, bí ìgbà tí ẹrù bá jábọ́ lẹ́yìn alùpùpù tí onítọ̀hún ò sì bojú wẹ̀yìn. Ti àwo tìrẹ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. O ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: “Kétou, chant, homme” (Kétu, orin, ọkùnrin). Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ọkùnrin. Bí ẹni ń sọ irú ẹran tó wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ ló kọ́kọ́ jí orúkọ ọkùnrin náà, ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé orin rẹ jáde báyìí, orí ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ ni o kọ́lé sí, ẹni Oslo tàbí ẹni Tokyo tó bá gbé e lọ́wọ́ rẹ á tún pè é ní Pígímì.

Kò pọndandan kó rí bẹ́ẹ̀. Gilbert Rouget, ará Faransé, gba orin ààfin Àjàṣẹ́ sílẹ̀, orin àwọn olorì tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin alounloun jó. Ní 1996 ó tẹ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀. Bí o bá ṣí i, o mọ ààfin wo ni, o mọ pé ìjọba Ọba Gbèfa ni, láti 1948 sí 1976. O mọ ibi tí wàá lọ kan ìlẹ̀kùn. Ní 2021, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí wọ́n kó ní Àbọ̀mé wọ bàálù padà wálé láti Paris, gbogbo Kùtọnú bọ́ síta. Ohùn ò lè wọ bàálù bẹ́ẹ̀. Orúkọ nìkan ni okùn tí a fi lè fà á padà.

Àwọn kan tiẹ̀ fa okùn náà. Difang àti ìyàwó rẹ̀ Igay, àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀yà Amis ní Táíwàn. Wọ́n kọrin ní Paris ní 1988, wọ́n gbà á sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Enigma láti Jámánì fi ohùn wọn ṣe Return to Innocence láì dárúkọ wọn, orin náà sì dé inú ìpolówó eré Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996. Tọkọtaya náà pẹjọ́ ní 1998, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láì jẹ́ kó dé ìdájọ́ ní 1999. Ìdí tí wọ́n fi rí ẹ̀tọ́ gbà ni pé wọ́n ṣì wà láàyè, àwọn èèyàn sì mọ ohùn wọn.

O lè wá sọ pé: ẹ̀gbọ́n, àwa náà ò ha ń mú ti ẹlòmíì? A ń mú un, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo ti Kùtọnú, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968, mú ìlù ìbílẹ̀ Sakpata àti sato, wọ́n pò ó mọ́ orin fọ́ǹkì James Brown, olórin Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ja James Brown lólè. Kò yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, torí James Brown ní orúkọ, ó ní lọ́yà, ó ní ibi tó ti lè fèsì, gbogbo ayé ló sì mọ ẹni tí wọ́n ń dà bí. Afunakwa ò ní ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. N kì í béèrè àwọ̀ ẹni tó mú un, mo ń béèrè bóyá ẹni tí wọ́n mú nǹkan rẹ̀ lè fèsì. Ní 1980, Talking Heads, ẹgbẹ́ Byrne, pẹ̀lú Eno, ṣe Remain in Light, ìlù Fẹlá sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Ní 2018, Angélique Kidjo, akọrin tiwa, tún gbogbo àwo náà ṣe látòkè délẹ̀, ó sì gbé Tony Allen, onílù Fẹlá fúnra rẹ̀, sídìí ìlù. Èsì nìyẹn. N kò mọ ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí tó sọ̀rọ̀ tó àwo yẹn.

Ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Steve Reich, olórin ará Amẹ́ríkà, lọ kọ́ ìlù ẹ̀yà Ewé ní Yunifásítì Legon ní Gánà ní 1970, lábẹ́ Gideon Alorwoyie. Nígbà tó padà dé, ó ṣe Drumming ní 1971. Kò gbé ìró ìlù Ewé sínú rẹ̀, ọ̀nà tí ìlù kan fi ń wọnú èkejì ló mú. Ó mú egungun, ó fi ẹran sílẹ̀, ó sì ń dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Bí o bá fẹ́ sùn dáadáa lóru, gbìyànjú irú rẹ̀ nígbà kan: jókòó ti àwọn agbẹ́lù Àjàrá lóṣù kan, má gba ohùn ẹnikẹ́ni, kí o wá lọ ṣe orin rẹ.

Mo ti sún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ síwájú tó.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo ṣe ògbufọ̀ fún òyìnbó olórin kan tó wá gba ohùn sílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu. Ìyá àgbàlagbà kan kọrin fún un, orin ìfiṣẹ̀sín: ọkọ tó ń jẹun bí erin, tí kò lè gbé ọkọ́ dé oko. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó fún ìyá lówó, ìyá gbà á. Mo kọ orúkọ ìyá sórí bébà fún òyìnbó náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó fi orin tó ti parí ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e lọ bá ìyá. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí sí ìyá létí. Ìyá gbọ́ ọ, ojú wọn ò kúrò lára ògiri. Nígbà tó ṣe, wọ́n yọ ọ́, wọ́n bi mí pé: “Ta ló kú?”

Ó ti fà á gùn débi tí ẹ̀rín fi di ẹkún òkú. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ohùn náà rẹwà. Lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n ń gbọ́ ara wọn tí wọ́n ń sunkún ẹni tí wọn ò mọ̀. Wọn ò bínú o. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó máa lò ó, àmọ́ kó fi èyí tó ń rẹ́rìn-ín síwájú rẹ̀, kí àwọn èèyàn mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹlẹ́kún. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n béèrè nìyẹn. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí àwo dé, ẹ̀rín kankan ò sí níbẹ̀, wọ́n sì kọ “ohùn aláìlórúkọ” sẹ́yìn rẹ̀. Bébà tí mo kọ ńkọ́? Títí dòní ni mo ń bi ara mi.

Ohun tó fà á tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ìjúbà àti ohun olóhun, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ì bá sọ fún mi pé ohun tí ìyá yẹn máa béèrè ni ẹ̀rín. Mo rò pé owó ni wọ́n máa béèrè. Bí o kò bá béèrè, o ò lè mọ ohun tó ń dun ẹni náà.

Ó yá, ṣí orin rẹ, lọ sí ìṣẹ́jú kẹrin. Ohùn ìyá bàbá rẹ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe ìyá tiwọn nínú orin náà: “ìyá mi.” O gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bíi gàrí, sílébù kọ̀ọ̀kan wá ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ lápapọ̀ ni, kò ní ṣe nǹkan kan, torí òkè á ṣì wà lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Èdè wa ń gbé níbi ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n sílébù kejì nìkan lo rẹ̀ sílẹ̀, kó lè bá kíbọ́ọ̀dù mu. “Ìyá” di “ìyà”. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni màmá ń sọ ọ́, “ìyà mi, ìyà mi,” tí o sì jẹ́ kó máa dún padà bí ẹni wà nínú kànga.

Èmi ò rò pé bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀ àṣà nígbà tí wọ́n pe ọ́ ní olè. Wọ́n gbọ́ ìyá wọn tó ti kú tó ń ké ìyà láti inú kọ̀ǹpútà ọmọ wọn. Ta ni kò ní dìde kúrò níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ ní Berlin ò lè gbọ́ ọ. Olùkọ́ rẹ, bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kò lè gbọ́ ọ. Ìwọ tó gbọ́ Yorùbá gan-an, ìró lò ń gbọ́ lọ́jọ́ tí ò ń ṣe é, o ò gbọ́ ọ̀rọ̀. N kò dá ọ lẹ́bi, iṣẹ́ yìí máa ń sọni di adití sí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Wọn ò sọ ohun tí etí tó bá gbọ́ ọ fún wákàtí mẹ́fà lórí kọ̀ǹpútà ń dà.

O tún béèrè bóyá orin náà jẹ́ tìrẹ, pé ṣé tuntun ni. Ibi tí mo ti rí tuntun nínú rẹ̀ jù nìyẹn, àní ibi tí o ti ṣìṣe. Ọmọ Berlin ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, torí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún un láti bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé rírẹ sílébù kan sílẹ̀ lè sọ ìyá di ìyà, tó sì ń fi mímọ̀ yẹn ṣe orin, ọ̀nà tí Eno ò lè gbà ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yẹn. Ọ̀kọrin Ẹfẹ̀ náà kì í wá ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ọdún yìí nílò, ó sì ń gbé e sórí ohùn tí gbogbo ọjà ti mọ̀.

Ní ti òfin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin 2005-30 ti 5 April 2006 ló ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá àti ti akọrin ní Benin, BUBEDRA sì ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Lọ bá wọn kí o tó tà á, pàápàá nítorí àwo òyìnbó yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó tẹ àwo kì í ṣe ìjúbà, òfin ò sì mọ ìyá yàtọ̀ sí ìyà.

Má tíì gbé orin náà jáde. Àwọn orin mẹ́ta yòókù tí o fi ránṣẹ́ lè jáde lọ́la. Wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, wá àwọn àgbà Ẹfẹ̀, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn inú àwo bí ó ṣe wà kí o tó fà á gùn. Nínú ìlú bíi Kétu, ohùn ọ̀kọrin tó dára kì í pẹ́ kó tó bá ẹni tó mọ̀ ọ́n pàdé. Ẹnìkan á sọ pé bàbá lágbájá nìyẹn. Lọ sí ilé lágbájá. Má gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí lọ, èmi ṣe àṣìṣe yẹn, mo fi ìyá yẹn sínú òkùnkùn òun nìkan. Gbohùngbohùn kékeré ni kí o gbé, kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè bá ara wọn jiyàn. Bí wọ́n bá béèrè owó, ẹ dúnàá dúrà. Bí wọ́n bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Má ṣe àlàyé orin ẹ̀rọ fún wọn. Gbé sílébù kejì yẹn padà sókè níbi tí màmá gbé e sí, kò lè gbà ọ́ ju wákàtí kan lọ, kí o wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú kẹrin nìkan.